Camry láti Houston dé Ìbàdàn: owó kọ́sítọ́ọ̀mù wo la ó san, èwo ni wọ́n lè fojú fò?

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Èmi àti ìyàwó mi ń múra láti padà sílé pátápátá, Houston ti tó gẹ́ẹ́. A ní Toyota Camry ọdún 2016 kan, fíríìjì, bẹ́ẹ̀dì, ìwé àwọn ọmọ, àti máṣíìnì ìránṣọ méjì tó jẹ́ ti ìyàwó mi. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo ti gbọ́, mi ò mọ èyí tí mo máa gbà gbọ́. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ẹni tó ń ti òkè òkun bọ̀ wálé kì í san kọ́bọ̀ lórí ọkọ̀ tó ti ń lò. Àbúrò mi ní Ìbàdàn ní kí n já a sí Kútọnu, pé owó tibẹ̀ kò tó ìdajì ti Èkó. Ìyàwó mi ní tirẹ̀ fẹ́ mọ̀ bóyá a lè gba owó orí tí a san nígbà tí a ra àwọn nǹkan wọ̀nyí padà ká tó kúrò níbí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ni kó dáhùn o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má méfò.

Ajẹ́ntì Wáàfù

Bọ̀dá, ẹ káàbọ̀ sílé ṣáájú. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, apá kan rẹ̀ jóòótọ́, apá kejì ló máa kó yín sí gbèsè. Ẹrù ilé tí èèyàn ti lò, tí kì í ṣe ọjà títà, ni òfin fojú fò fún ẹni tó ń kó bọ̀ wálé. Bẹ́ẹ̀dì, ìwé, aṣọ, kò sí wàhálà níbẹ̀. Fíríìjì àlòkù ni kí ẹ fi sílẹ̀, ó wà lára ohun tí ìjọba fòfin dè láti kó wọlé. Ọkọ̀ ò sí lára ẹ̀. Ẹ báà ti gùn ún fún ọdún mẹ́wàá, ẹ máa san owó rẹ̀ bí ẹni tó rà á wá tà ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣírò rẹ̀ síbí kó lè yé gbogbo wa. Ká ní kọ́sítọ́ọ̀mù gbé ọkọ̀ náà lé ₦9,000,000, tí owó ọkọ̀ ojú omi àti adójútòfò sì sọ gbogbo ẹ̀ di ₦10,000,000. Àpẹẹrẹ lásán nìyí o, kí ìṣírò má baà le. Owó ibodè fún tòkunbọ̀ jẹ́ 20%, ìyẹn ₦2,000,000. Lẹ́fì tí wọ́n fi ń ti àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ nílẹ̀ wa lẹ́yìn, èyí tí a ń pè ní NAC, jẹ́ 15%: ₦1,500,000. Wọ́n á tún gba 7% lórí owó ibodè fúnra rẹ̀, ₦140,000. CISS, ìyẹn owó àbójútó ọjà tó ń wọlé, jẹ́ 1% lórí iye ọkọ̀ nìkan, ₦90,000. Ti ECOWAS jẹ́ 0.5% lórí àpapọ̀, ₦50,000. Gbogbo ẹ̀ ti di ₦13,780,000, orí ìyẹn ni wọ́n á ti wá yọ VAT 7.5%, ₦1,033,500. Ẹ ro ó pọ̀: ₦4,813,500 lẹ máa san lórí ọkọ̀ mílíọ̀nù mẹ́wàá. A ò tíì sọ ti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, ti àwọn tó ni ibùdókọ̀ ojú omi, àti tèmi ajẹ́ntì.

Àwọn kan á sọ fún yín pé ìjọba ti dín owó ọkọ̀ kù láti 35% sí 20%. Lóòótọ́, oṣù Kẹrin 2022 ni wọ́n gbé 20% jáde. Ṣùgbọ́n 20 àti 15, mélòó ni? Ọkọ̀ tuntun pàápàá, 20% ní lẹ́fì lórí 20%.

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣé gan-an, Ọ̀gá. Ìwé tí mo fi ra ọkọ̀ náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, dọ́là tí mo san kò pọ̀. Ṣé orí iye yẹn kọ́ ni wọ́n máa ti ṣírò ni?

Ajẹ́ntì Wáàfù

Rárá o. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2022 ni wọ́n ti ń fi nọ́ńbà ṣáṣí díye lé ọkọ̀, èyí tó ní lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú lọ́dọ̀ awakọ̀. Tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ á gbé iye ọkọ̀ jáde, á sì dín in kù nítorí ọjọ́ orí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ mú ìlànà yẹn wọlé, àwa ajẹ́ntì fárí gá, iṣẹ́ dúró ní wáàfù, wọ́n ní láti dá a dúró fúngbà díẹ̀ kí wọ́n tó tún padà sí i. Èmi wà lára àwọn tó pariwo. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi mí lónìí, ó sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nígbà tó jẹ́ pé ẹnu ẹni tó bá jókòó sídìí tábìlì ni iye ọkọ̀ ti ń jáde. Ìwé ìrajà yín, ẹ mú un dání, ó wúlò fún nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló máa dá iye dúró.

Ẹ kíyè sí owó dọ́là náà. Láàárín 2023 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2024, iye tí kọ́sítọ́ọ̀mù fi ń ṣẹ́ dọ́là sí náírà ń yí padà léraléra, ẹlòmíràn á ti wá owó sílẹ̀ tán, kó tó dé báńkì ó ti wọ́n sí i. Ní oṣù Kejì 2024 ni Báńkì Àgbà ní kí wọ́n máa lo iye ti ọjọ́ tí èèyàn ṣí Form M, ìwé tí a fi ń sọ fún báńkì pé a fẹ́ kó ọjà wọlé, títí ẹrù á fi jáde. Nítorí náà kí ẹ tó ṣí ìwé, ẹ kọ́kọ́ wo bí dọ́là ṣe ń lọ.

Ọmọ Yewa

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ Kútọnu ló kàn mí, torí ìlú wa kò jìnnà sí Ìdíròkò. Ẹ sọ fún àbúrò yín pé láti 1 oṣù Kìíní 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ojú ilẹ̀ wọ Nàìjíríà. Tuntun ni o, tòkunbọ̀ ni o, inú omi nìkan ló gbọ́dọ̀ gbà wọlé. Wọ́n ti gbogbo ibodè ní oṣù Kẹjọ 2019, wọ́n ṣí Sẹ̀mẹ̀ ní òpin 2020, Ìdíròkò tiwa dúró di oṣù Kẹrin 2022. Àwọn kan rò pé nígbà tí ibodè ti ṣí, ọkọ̀ náà ti ṣí nìyẹn. Ọjà àti èèyàn ni wọ́n ṣí i fún, òfin ọkọ̀ wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ìrẹsì náà, láti 2016 ni wọ́n ti ní kò gbọ́dọ̀ gba ojú ilẹ̀ wọlé mọ́.

Kí ló wá dé tí ọkọ̀ Kútọnu fi pọ̀ nígboro? Fàyàwọ́ ni. Gbogbo wa la mọ̀. Owó rẹ̀ kéré torí pé kò sí owó ibodè nínú rẹ̀, owó ẹ̀gúnjẹ ojú ọ̀nà ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá sì rà á kì í sinmi. Aládùúgbò wa kan ra ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan, wọ́n fún un ní ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù tó ń dán gbinrin, òǹtẹ̀ wà níbẹ̀, gbogbo nǹkan pé. Ọjọ́ tí wọ́n dá a dúró ní ọ̀nà Ṣàgámù, wọ́n fi ìwé wé ọkọ̀: lẹ́tà kan ṣoṣo nínú nọ́ńbà ṣáṣí ló yàtọ̀, B wà lórí ìwé, 8 ló wà lára ọkọ̀. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó tà á fún un ti yí nọ́ńbà fóònù padà kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Dérẹ́bà Challenge

Ọmọ Yewa, ẹ má dẹ́rù ba àwọn èèyàn. Ọkọ̀ Kútọnu ni mo ń wà láti ọdún yìí wá, kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan. Àti pé ìjọba fúnra wọn a máa ṣí àyè fún wa láti san án lẹ́yìn. Ẹ̀dínwó wà.

Ọmọ Yewa

Ẹ̀gbọ́n Dérẹ́bà, àyè tí ẹ ń sọ, mo mọ̀ ọ́n. Láti 4 oṣù Kẹta sí 5 oṣù Keje 2024 ni. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ wọlé lọ́nà àìtọ́ lè wá san owó ibodè pé pérépéré, tí wọ́n á sì fojú fo ìtanràn 25% tó yẹ kó bá a rìn. Ìtanràn ni wọ́n fojú fò o, owó ibodè gan-an kò dín ní kọ́bọ̀. Àyè yẹn sì ti pa dé. Ẹni tó bá ń gbọ́kàn lé e pé wọ́n á tún ṣí òmíràn, kó máa retí lọ, ṣùgbọ́n kó má fi ọkọ̀ ẹlòmíràn retí.

Ìyá Ìbejì, Peckham

Ẹ kú àkókò o. Kí n dáhùn ti owó orí tí ìyàwó Ọmọ Mọ́kọ́lá béèrè, torí mo rí i pé wọ́n ti fò ó. Ní Amẹ́ríkà kò sí VAT ti ìjọba àpapọ̀, àwọn ìpínlẹ̀ ló ń gba owó orí ọjà tiwọn, fíríìjì tí èèyàn ti ń lò láti ọjọ́ yìí wá kò sì sẹ́ni tó máa dá owó orí rẹ̀ padà. Èyí tó lè wọlé padà fún yín ni owó adójútòfò ọkọ̀: tí ẹ bá ti fi ọkọ̀ lé ọkọ̀ ojú omi lọ́wọ́, ẹ fagi lé adójútòfò náà lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ béèrè owó oṣù tó kù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í rántí, wọ́n á ti dé Ìbàdàn kí báńkì tó tún yọ owó lọ́wọ́ wọn.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa níbí, títí di òpin 2020, àlejò tó ra ọjà ní London lè gba VAT 20% padà ní pápákọ̀ òfuurufú. Ìjọba pa á rẹ́ ní 1 oṣù Kìíní 2021, Northern Ireland nìkan ló ṣẹ́ kù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní Oxford Street parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ eléyìí: láti ọjọ́ yẹn kan náà, àwa tí a ń gbé ní Bìrìtìkó lè gba VAT Faransé padà, torí a ti di àlejò ní Yúróòpù. Tí ọjà tí ẹ rà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Paris bá ju ọgọ́rùn-ún yúrò lọ, ẹ béèrè ìwé rẹ̀, kí ẹ sì lù ú ní òǹtẹ̀ kí ẹ tó wọ ọkọ̀ padà. Àǹkárá àti léèsì ìgbéyàwó ọmọ mi, ọ̀nà yẹn ni mo gbé e gbà.

Ní ti ọkọ̀, ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà ẹ ní oríire. Ọwọ́ òsì ni sítíárì tiyín wà. Tiwa níbí wà lọ́wọ́ ọ̀tún, Nàìjíríà sì ti kúrò ní ọwọ́ òsì ojú ọ̀nà láti 2 oṣù Kẹrin 1972, òfin ìrìnnà kò sì fẹ́ sítíárì ọwọ́ ọ̀tún. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ gbé ọkọ̀ jáde níbí, kó ya apá tó wà fún ìkójáde pátápátá lára V5C, ìwé ọkọ̀ tiwa níbí, kó fi ránṣẹ́ sí DVLA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìwé ọkọ̀, ní Swansea. Wọ́n á dá owó orí ojú ọ̀nà padà fún gbogbo oṣù odindi tó kù. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n owó yín ni.

Nọ́ọ̀sì Òṣogbo

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ mà. Èmi ń lọ síbẹ̀ ni, mi ò bọ̀. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti wà nílẹ̀ fún mi ní Leeds. Ṣé mo lè kó ẹrù ilé mi dání láìsan owó?

Ìyá Ìbejì, Peckham

Ọmọ mi, kú oríire. O lè ṣe é. Ohun tí wọ́n ń pè é ni Transfer of Residence, fọ́ọ̀mù rẹ̀ ni ToR1. O ti gbọ́dọ̀ gbé lẹ́yìn odi Bìrìtìkó fún oṣù méjìlá ó kéré tán, ẹrù náà gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ, kí o sì ti máa lò ó fún oṣù mẹ́fà. Láàárín oṣù méjìlá tí o bá dé ni kí o kó o wọlé, o kò sì gbọ́dọ̀ tà á, yá a, tàbí fi ṣòwò kí oṣù méjìlá mìíràn tó pé. Gba ìyọ̀ǹda kí ẹrù tó kúrò nílé. Ẹni tó bá dúró kó dé etíkun kó tó béèrè, owó ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ wọ inú rẹ̀ o, yàtọ̀ sí ti Nàìjíríà. Ẹni tí kò bá ní ìyọ̀ǹda, 10% owó ibodè àti 20% VAT ló máa san lórí ọkọ̀.

Ẹrù tó o máa gbé dání nínú ọkọ̀ òfuurufú, £390 ni àyè rẹ̀. Tí ohun kan ṣoṣo bá ti ju iye yẹn lọ, orí gbogbo ohun náà ni wàá ti san, kì í ṣe orí èlé nìkan. Ẹja gbígbẹ, o lè kó o dé 20 kílò. Pọ̀nmọ́, ẹran gbígbẹ, wàrà, má wulẹ̀ dán an wò, wọ́n á gbà á, wọ́n á dà á nù lójú rẹ. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń da kìlíṣí olóore dànù, ó dùn mí débi pé mo yíjú sẹ́yìn.

Ọmọ Kétu

Ẹ kúulé o, ẹ̀yin ará Nàìjíríà. Láti ibí yìí lápá Bẹ̀nẹ̀, ẹ má ba Kútọnu lórúkọ jẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó ń ta ọkọ̀ níbí ń tà á lábẹ́ òfin tiwa, ibi tí ẹ gbé e gbà wọlé yín ni ẹjọ́ wà.

Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni ti ẹni tó fẹ́ gbé ọkọ̀ tirẹ̀ wá kí mọ̀lẹ́bí ní Kétu, Pọ̀bẹ̀ tàbí Ajáṣẹ́, tàbí tó fẹ́ dé Lomé. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 gba ọkọ̀ ìlò ara ẹni láàyè fún 90 ọjọ́ láìsan owó ibodè, ọkọ̀ akérò àti akẹ́rù ní 15 ọjọ́. Ẹ mú ojúlówó ìwé ọkọ̀ dání, kì í ṣe fọ́tókọ́pì, ẹ gba káàdì aláwọ̀ ilẹ̀ (Brown Card) ti adójútòfò ECOWAS kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì gba ìwé ìrìnnà ọkọ̀ ní ibodè. Tí orúkọ yín kò bá sí lórí ìwé ọkọ̀, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ọjọ́ tó bá pé, ẹ jáde. Tí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ lọ sọ fún dúánì, ìyẹn kọ́sítọ́ọ̀mù tiwa níbí, kí ọjọ́ tó pé. Bí ọjọ́ bá ti kọjá, ojú ọkọ̀ tí ẹ kó wọlé láìsanwó ni wọ́n máa fi wò ó.

Ìyá Elépo

Ọmọ Kétu, ọjà ńkọ́? Gàrí àti epo pupa ni mò ń gbé kọjá, nígbà mìíràn mo máa ń ra òrí bọ̀. Wọ́n ní kò yẹ kí n san owó kankan, ṣùgbọ́n mi ò tíì kọjá láìsan nǹkan rí.

Ọmọ Kétu

Ìyá wa, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ohun oko tí wọn ò tíì gbé wọ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, àti iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀, bí aṣọ òkè tàbí ìkòkò, kò ní owó ibodè láàárín àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS, kò tiẹ̀ nílò ìwé orírun. Ọjà ilé iṣẹ́ ló nílò ìwé orírun, kí ó sì hàn pé ó kéré tán 30% iye rẹ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n fi kún un nílẹ̀ wa. Ohun tó ti China dé sí Kútọnu kò di ọjà ECOWAS torí pé ó sùn ní pọ́ọ̀tù. Ẹ gbé ìwé àyẹ̀wò ohun ọ̀gbìn dání, ẹ béèrè rìsíìtì fún owó yòówù tí wọ́n bá ní kí ẹ san. Ẹni tí kò lè kọ rìsíìtì, ẹ̀yin náà mọ owó tó ń gbà.

Aláàdìrẹ Ìtòkú

Kí n yà síbí díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi àdìrẹ ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà, ẹ má gbàgbé pé àyè $800 tó ti wà láti 2016, tí ẹrù kékeré fi ń wọlé láìsan owó ibodè, ti parí ní 29 oṣù Kẹjọ 2025. Àwọn oníbàárà mi bẹ̀rẹ̀ sí í rí owó tí wọn ò retí nígbà tí ẹrù bá dé ẹnu ọ̀nà, àwọn kan kọ̀ ọ́, ẹrù sì padà. Báyìí mo máa ń sọ ọ́ kí wọ́n tó sanwó. Mo sì ń kọ ọ́ ní kedere sára ẹrù: aṣọ òwú tí a fi ọwọ́ rẹ, ti Nàìjíríà. Tẹ́lẹ̀, "gift" la máa ń kọ. Ẹ yéé kọ ọ́.

Fún ohun tó ń wọlé sọ́dọ̀ wa ní tiwa, kọ́sítọ́ọ̀mù ilẹ̀ wa ṣí àyè $300 láti 8 oṣù Kẹsàn-án 2025 fún ẹrù kékeré tí a rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti ẹrù inú báàgì èrò, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún. Kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó gba abẹ́rẹ́, òwú àti àwọ̀ aró mi.

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ajẹ́ntì Wáàfù, ọ̀rẹ́ mi kan ní wọ́n tún fẹ́ gba 4% lórí iye ọkọ̀. Ṣé ó wà nínú ìṣírò yẹn? Àti pé ìwé wo ni mo nílò níhìn-ín?

Ajẹ́ntì Wáàfù

4% yẹn, wọ́n gbé e jáde ní oṣù Kejì 2025, ariwo sọ, wọ́n dá a dúró. Wọ́n tún gbé e padà ní oṣù Kẹjọ, ìjọba tún dá a dúró ní oṣù Kẹsàn-án. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò ni 1% CISS àti 7% yẹn. Nítorí náà, ẹ tún béèrè ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ fi ọkọ̀ ránṣẹ́. Lórí ọkọ̀ ₦9,000,000, ₦360,000 ni 4%, tí ẹ bá fi wé ₦230,000 tí méjèèjì tẹ́lẹ̀ ń gbà. Ẹ̀yin náà rí ìdí tí a fi pariwo.

Ní Houston, kọ́sítọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà fẹ́ rí ojúlówó táítù ọkọ̀, ìwé tó fi hàn pé ẹ̀yin lẹ ni ín, ó kéré tán wákàtí 72 kí ọkọ̀ tó jáde, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ti forúkọ ọkọ̀ náà sílẹ̀ nínú AES, ètò orí kọ̀ǹpútà tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń ṣàkọsílẹ̀ ẹrù tó ń jáde, láti gba nọ́ńbà ITN, ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ náà, ì báà ṣe ọkọ̀ ẹgbẹ̀rún dọ́là kan. Tí báńkì bá ṣì ní gbèsè lórí rẹ̀, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ wọn pé wọ́n yọ̀ǹda kó jáde. Láìsí lẹ́tà yẹn, ọkọ̀ ò ní kúrò ní pọ́ọ̀tù.

Nílé níbí, owó kọ́sítọ́ọ̀mù, báńkì ni wọ́n ti ń san án, ìwé rẹ̀ á sì jáde. Ajẹ́ntì tó bá ní kí ẹ san án sínú àkáǹtì òun, kódà tó bá jẹ́ èmi, ẹ béèrè ìwé ìdíyelé kọ́sítọ́ọ̀mù kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Kí owó náà sì ti wà nílẹ̀ kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀, torí ọjọ́ ọ̀fẹ́ ní pọ́ọ̀tù kò pọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, owó ibùsùn àti dẹ́múrèèjì, owó ìdádúró tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ń gbà, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ yín lójoojúmọ́, kò sì sí ẹni tó ń dá ìyẹn padà.

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Ó yé mi. Ọ̀kan tó kù: ṣé a lè kó àwọn ìwé àti máṣíìnì ìránṣọ sínú búùtù ọkọ̀ kí owó kọńténà lè dín kù?

Ajẹ́ntì Wáàfù

Tó bá jẹ́ ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń wa mọ́tò wọ̀ lẹ máa lò, ọ̀pọ̀ wọn kì í fẹ́ rí ohunkóhun nínú búùtù yàtọ̀ sí táyà àpòjù àti jáàkì. Ẹrù tí kò sí lórí ìwé, ní wáàfù, ẹrù tí ẹ fi pamọ́ ni, yóò sì ba ti ọkọ̀ jẹ́ mọ́ ọn. Ẹ wá kọńténà tí ẹ lè bá ẹlòmíràn pín. Ẹ kọ àkójọ ẹrù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ "tí a ti lò" sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí a ti lò, kí ẹ sì yọ máṣíìnì wọ̀nyẹn kúrò nínú páálí tuntun. Méjì kò ní ìyọnu, mẹ́fà ni wọ́n á pè ní ọjà. Kí orúkọ tó wà lórí páàsìpọ́ọ̀tù, lórí táítù àti lórí ìwé ọkọ̀ ojú omi sì jẹ́ ọ̀kan náà, pẹ̀lú orúkọ àárín.